Ẹkùn Tó Wọ Bàtà Dídán

Ẹ bá mi kí Alága Ẹgbẹ́ Aṣọ́gbó. Ẹ kí i dáadáa o, torí bí ìkíni yín bá kúrú, á ní kí ẹ padà wá tún un kí. Ọ̀gá Gbogbo Igi! Ọkọ Ewéko! Ẹkùn Orí Àga! Òun fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀ ní gbogbo orúkọ wọ̀nyí, ó sì tẹ̀ wọ́n sára káàdì tó ń pín fún ẹni tí kò béèrè.

Ohun kan ṣoṣo ni káàdì náà gbàgbé láti sọ. Láti ọdún mẹ́ta tó ti di alága, kò tíì fẹsẹ̀ tẹ inú igbó tí ẹgbẹ́ ń ṣọ́ rí. Bàtà rẹ̀ ń dán jù.

Àwọn ará àdúgbò ló ń ṣọ́ igbó náà fúnra wọn. Bí ó bá ti kan ẹnì kan, á rìn yí i ká, á tú tàkúté tó bá rí, á sì wá kọ ẹranko tó rí sínú ìwé ńlá tó wà ní gbọ̀ngàn ìpàdé. Ìyá aránṣọ, akọ̀wé ẹgbẹ́, kì í pa ọjọ́ tirẹ̀ jẹ, òjò ìbáà máa rọ̀. Alága náà ń kọ tirẹ̀, àmọ́ orí àga tìmùtìmù ní pálọ̀ ló ti ń kọ ọ́. "Mo rí erin méjì. Wọ́n kí mi." Ohun tó kọ lóṣù tó kọjá nìyẹn.

Ìgbà tó wá gbọ́ pé iléeṣẹ́ tó ń bójú tó igbó fẹ́ ri pátákó ńlá kan mọ́ ẹnu ọ̀nà igbó, pé orúkọ àti àwòrán ẹni tó ṣiṣẹ́ jù ló máa wà níbẹ̀, ó dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Pátákó! Ó sáré lọ bá káfíńtà tó fẹ́ kàn án.

"Báwo ló ṣe máa gùn tó?"

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni, Alága."

"Fi mẹ́ta kún un. Ṣé o ò mọ iye oyè tí mo ní ni?"

Ìṣòro rẹ̀ kò ju kámẹ́rà lọ. Iléeṣẹ́ náà ti so ọ̀kan mọ́ igi lẹ́bàá odò inú igbó, tó ń dá yàwòrán fúnra rẹ̀, ọ̀gá wọn obìnrin sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá fi àwọn àwòrán náà han gbogbo ìlú. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ àwọn ará àdúgbò bó ṣe ń ṣiṣẹ́, Alága wà lọ́dọ̀ onífọ́tò, ó ń ya ti ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un lẹ́yìn náà ni pé kámẹ́rà tó ń ya ẹranko ni. Ó bá ronú sí i, ó mi orí. Ẹ̀rọ tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ á mọ ẹranko yàtọ̀ sí alága. Bó bá rí èèyàn, á di ojú rẹ̀.

Bí wọ́n bá wá rí ẹkùn nínú àwòrán ńkọ́? Ẹkùn tí Alága nìkan ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó wà níbẹ̀? Ta ni wọn ò ní gbé sórí pátákó?

Ìyàwó rẹ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sídeè.

"Bàbá wọn, níbo lẹ ń gbé búláńkẹ́ẹ̀tì mi alámì tóótòòtó lọ?"

"Iṣẹ́ ìlú ni."

"Ṣé òtútù ń mú ìlú ni?"

"Gbẹ́nu dúró. Bí mo bá gun orí pátákó, ìwọ náà á di ìyàwó pátákó."

Ọjọ́ Sátidé pé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ìyá aránṣọ ti ta aṣọ funfun kan sára ògiri. Alága dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe.

"Èmi àti igbó yìí, bí ọmọ ìyá la rí. Ẹ máa rí ẹkùn lónìí. Ọwọ́ mi ló dàgbà sí."

Ọ̀gá obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹyẹ kan kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àgbọ̀nrín kan, tòun ti ọmọ rẹ̀ kékeré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹn gan-an ni ìyá aránṣọ ti tú tàkúté méje lóṣù yẹn. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Alága wúkọ́. "Ẹ sún un síwájú, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ ẹkùn."

Wọ́n sún un síwájú. Alága ló jáde, tòun ti kóòtù, ó ń fi ojú kámẹ́rà ṣe dígí, ó ń ya irun rẹ̀.

"Ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́," ni Alága sọ. "Ẹranko ló yẹ kó máa yà."

"Ohunkóhun tó bá ti mira níwájú rẹ̀ ló ń yà, sà."

"Ohunkóhun?"

"Ohunkóhun."

Alága rọra jókòó. Ó ń ka gbogbo ohun tó ṣe lọ́jọ́ Wẹ́sídeè lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì rí ìkankan tó ṣeé fi han ìlú.

Àwòrán rẹ̀ kejì: Alága ń jẹ búrẹ́dì. Ẹ̀kẹta: ọ̀rá búrẹ́dì ń fò lọ sínú odò. Ẹ̀kẹrin: Alága nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó da búláńkẹ́ẹ̀tì borí. Ẹ̀karùn-ún: ẹranko abàmì kan fi ọwọ́ àti orúnkún tilẹ̀, ó wa eyín síta, bàtà dídán méjì sì yọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹkùn náà rèé," ni ọ̀gá obìnrin sọ, ohùn rẹ̀ ò tiẹ̀ yí padà.

Ìgbà yẹn ni àwọn èèrà ìjàlọ rí ẹkùn. Odidi àwòrán mẹ́sàn-án! Ẹkùn dìde lórí ẹsẹ̀ méjì. Ẹkùn ń gbá ìdí ara rẹ̀. Ẹkùn bọ́ ṣòkòtò. Ẹkùn ń sá lọ, ṣòkòtò lọ́wọ́. Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú látorí bẹ́ǹṣì tí òun fúnra rẹ̀ kàn.

Ohùn kan ta láti ẹ̀yìn. "Ẹ gbà mí o! Búláńkẹ́ẹ̀tì mi nìyẹn! Òun ló ní iṣẹ́ ìlú ni!"

"Mo ń dán ẹ̀rọ náà wò ni," ni Alága ń sọ, àmọ́ ta ló ń gbọ́?

Ìyá aránṣọ dìde, ó ṣí ìwé òfin ẹgbẹ́. "Òfin kẹrin. Ẹni tó bá ju ọ̀rá sílẹ̀ nínú igbó á máa ṣa ìdọ̀tí ibẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Alága, ta ló ṣe òfin yìí?"

"Èmi ni."

"Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọwọ́ sí i," ni Alága dáhùn, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Pátákó ti wà lójú ọ̀nà igbó báyìí. Ìyá aránṣọ, tí wọ́n yàn pé ó ṣiṣẹ́ jù, ní wọn ò gbọdọ̀ fi àwòrán òun síbẹ̀, kí wọ́n fi ti àgbọ̀nrín àti ọmọ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń rìn yí igbó ká sábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tó wọn. Gbogbo ọjọ́ Wẹ́sídeè ni Alága ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, àpò ìdọ̀tí léjìká, bàtà rẹ̀ ti pupa fún ẹrẹ̀.

Bí ẹ bá dé gbọ̀ngàn, ẹ ṣí ìwé ńlá ọ̀hún sí ti oṣù yẹn. Ìyá aránṣọ ló kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ rekete: "Àgbọ̀nrín, méjì. Ẹyẹ, mọ́kànlá. Ẹkùn, kò sí. Alága, ẹyọ kan."