Fóònù Tó Ń Bá Àna Kẹ́dùn

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kórìíra kó máa fèsì àtẹ̀jíṣẹ́ ẹbí bí ẹní kórìíra egbòogi. Ètò kọ̀ǹpútà ló ń kọ jẹun. Ló bá fi Páítọ̀nù, ọ̀kan lára èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ọ̀kan tí á máa bá a dáhùn lórí fóònù.

"Wò ó," ló ń fọ́nnu fún mi, "á tú àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á wá wò ó bóyá 'kú' wà láàárín wọn. Tó bá ti wà níbẹ̀, á bá mi kẹ́dùn. Ó parí!"

"Bọ̀dá, 'kú' nìkan?"

"'Kú' nìkan! Kí ló tún kù?"

Háà! Nínú èdè ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ojú lọ́nà!

Láàárọ̀ Sátidé kan tí mo wà nílé wọn, bó ṣe ń hanrun lọ, ìyá wa kọ̀wé sí i: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, àna mi."

Tíín! Fóònù fèsì: "Ó mà ṣe o! Kí Ọlọ́run tu gbogbo ẹbí nínú."

Ìyá wa ta gìrì. "Ta ló kú o?"

Tíín! "Ó mà ṣe o! Kí Ọlọ́run tu gbogbo ẹbí nínú."

"Ṣé ọmọ mi ló kú ni?"

Tíín! "Ó mà ṣe o!"

Yéè! Ìyá wa pe ẹ̀gbọ́n mi, kò wọlé. Fóònù ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kú lóòótọ́, iná ti tán nínú ẹ̀.

Kò pẹ́, gbà-gbà-gbà lẹ́nu ilẹ̀kùn! Ìyá wa dé, bàtà kan dúdú, ìkejì pupa, igbe ń sọ lálá. Ta ló wá ṣílẹ̀kùn? Ẹ̀gbọ́n mi, tó fi ìpara kun ojú, funfun báláú!

"Òkú ọmọ mi rèé o!"

Gbì! Ìyá wa ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Ìgbà tó rí i pé òkú ń bu omi wá fún òun, ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ó yíjú sí àna ẹ̀ tó sáré jáde pẹ̀lú ṣòkòtò oorun.

"Màmá, ẹ dákun, kóòdù ló fà á."

"Kóòdù? Sún mọ́ mi, kí n kóòdù ẹ létí!"

Àṣé ìyá wa ti tú ìròyìn ikú ọmọ ẹ̀ síta fún ẹbí lójú ọ̀nà. Tíín, tíín, tíín! Gbogbo ẹbí ń kọ "Ẹ kú ará fẹ́ra kù", fóònù náà sì ń bá wọn kẹ́dùn pa dà.

Ni àtẹ̀jíṣẹ́ àbúrò ìyá wa bá wọlé: "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ọmọ mi. Má dá wà pẹ́ o. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ń bẹ, ó rẹwà, ó mọ ọbẹ̀ sè."

Ẹ̀gbọ́n mi ja fóònù gbà. Ó kà á. Ó tún un kà. Ìpara ojú ẹ̀ sán kẹ̀ẹ̀. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi tẹ èsì:

"Ẹ ní kó má wulẹ̀ di ẹrù. Ọkọ ọ̀hún náà ò ní pẹ́ kú."