Bàtà Irin Ẹṣin Bàbá Àgbà

Ọjọ́ Iléyá kan wà tí n kò ní gbàgbé títí wọn ó fi sin mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí wọ́n bá ti mẹ́nu bà á nílé, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dìde lọ ṣe àlùwàlá.

Wẹ́dà tó ń jó irin ni mí ní Keteren Gwari, lápá àríwá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ní ẹṣin funfun kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó wá láti Ìlọrin, ẹṣin ni wọ́n fi ń lọ yídì, torí bí bàbá tiwọn náà ṣe ń lọ nìyẹn. Lọ́dún yẹn òjò pọ̀, bàtà irin ẹsẹ̀ ẹṣin náà sì ti jẹ títí ó fi ń dán. Tó bá dé orí títì ọ̀dà tó tutù, á máa yọ̀ bí ẹni tó tẹ ọṣẹ mọ́lẹ̀.

Mallam tó ń kan bàtà fún un ní kí á yọ gbogbo rẹ̀, kí Bàbá Àgbà gba orí koríko lọ. Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń jó géètì?

"Mallam, ẹ ṣáà bá mi yọ ọ́. Màá jó irin kéékèèké sójú rẹ̀, á máa di ilẹ̀ mú."

"To, ó dáa. Ṣùgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni o, ọ̀gá wẹ́dà. Tí kò bá pé mẹ́rin, má ṣe é rárá, wallahi."

A ṣe ti iwájú méjèèjì, ó dára. Ẹṣin àwọn ẹlòmíì ń dúró de Mallam, ó ní òun ń bọ̀ lọ́la. Èmi ò lè dúró. Mo gbá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan mú fúnra mi. Ó ta mí nípàá; ibi tí mo ti lajú, inú bàsíà oúnjẹ ẹṣin ni, dùsà, eèrí ọkà tó ń jẹ, ti kún imú mi. Ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ fún ẹnikẹ́ni, nígbà tí Mallam sì wá lọ́jọ́ kejì, mo ní kó máa lọ, mo ti parí ẹ̀.

"Ṣé ó ti parí?" Bàbá Àgbà bi mí lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Ó ti parí, Bàbá."

Láàárọ̀ Iléyá, òjò ń fọ́n wínníwínní. A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lápá Tunga. Ẹsẹ̀ iwájú di títì mú ṣinṣin, mo tiẹ̀ ti ń yan. Ni ti ẹ̀yìn bá yọ̀. Ẹṣin jókòó sórí títì bí ajá, Bàbá Àgbà sì gba ìdí rẹ̀ já bọ́, tagbádá tòun ti láwàní. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ẹṣin dìde. Bàbá Àgbà ò dìde.

Egungun ìbàdí ló kán. Nígbà tó ku àwa méjì ní ọsibítù, wọ́n ní, "Mallam wá kí mi. Ẹsẹ̀ mélòó lo ṣe?"

"Méjì, Bàbá."

"Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ."

Wọn ò tún lè dá rìn mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n ta ẹṣin. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni o; òjò ni gbogbo ilé mọ̀ pé ó fà á. Èmi ti kọ́gbọ́n: tí iṣẹ́ mi bá dé ìdajì, ìdajì ni mo ń pè é, ojú ìbáà tì mí.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gbé wọn lọ yídì báyìí. Lọ́dún tó kọjá, bí mo ṣe gbé wọn jókòó tán, wọ́n tẹ oníkẹ̀kẹ́ léjìká.

"Bi ọmọ mi yìí léèrè bóyá táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ̀ wò."

Mo rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi.