Kápẹ́ẹ̀tì Ọba Tí Tíṣà Àgbà Tẹ́ Síwájú Ilé

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó jọ ara rẹ̀ lójú, Tíṣà Àgbà rèé. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò kíkọ́, síbẹ̀ bí ẹ bá kí i lójú pópó, á kọ́kọ́ tún ìkíni yín ṣe kó tó dáhùn. Tíṣà Àgbà, ọ̀mọ̀ràn tó ń kọ́ dókítà ní abẹ́rẹ́ gígún! Àwọn ará àdúgbò ló fún un lóríkì yẹn. Òun rò pé wọ́n ń yin òun ni.

Lọ́dún náà, ẹgbẹ́ àdúgbò kéde pé ẹni tí ọgbà ilé rẹ̀ bá dára jù lọ làwọn máa fi ṣe alága ọgbà ìgbafẹ́ tuntun. Ṣe ni Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó bí alága. Àmọ́ òdòdó wà nílé gbogbo èèyàn. Kí ni kò sí nílé ẹnikẹ́ni?

Ẹ mọ ewé wínníwínní yẹn tó máa ń bo ara ògiri tí omi ń jò sí, tó rọ̀ bí irun àgùntàn, tí a máa ń fi ṣọ́bìrì há dànù kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀? Òun ni Tíṣà há lẹ́yìn balùwẹ̀ rẹ̀, tó gbé wá síwájú ilé, tó tẹ́ sínú oòrùn gangan kí gbogbo ayé lè rí i.

“Baálé mi,” ìyàwó rẹ̀ ní, “ibi òjìji tó tutù ni nǹkan yìí ń gbé. Ẹ dá a padà.”

“Ṣé ìwọ lo kàwé ni, àbí èmi?”

“Ẹ̀yin ni. Àmọ́ èmi ni mò ń fọ balùwẹ̀.”

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ewé gbẹ, ó dà bíi kànìnkàn àlòkù. Ọkàn Tíṣà dàrú. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ọgbà wò ń bọ̀. Ní aago mẹ́jọ, ó rántí ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kun fèrèsé. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kùn ún, ẹ̀yìn ń ro ó, títí gbogbo rẹ̀ fi ń dán bíi mọ́tò tuntun.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú, ó yínmú. “Kí ló ń rùn báyìí?”

“Òórùn ewé tuntun ni.”

Ìgbìmọ̀ dé, ìdajì àdúgbò tẹ̀ lé wọn. Obìnrin tó ṣáájú wọn ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko ní yunifásítì. Tíṣà wúkọ́ gbẹ̀ẹ́.

“Kápẹ́ẹ̀tì Ọba nìyí! Òkè òkun ni mo ti gba irúgbìn rẹ̀. Wàrà ni mo fi ń bọ́ ọ.”

“Irúgbìn kẹ̀? Èyí kì í ní irúgbìn, sà.”

“Tèmi ní.”

“Gbòǹgbò ńkọ́?”

“Ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà!”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Kì í ní gbòǹgbò gidi pẹ̀lú. Ara ewé ló fi ń mu omi. Bó tilẹ̀ gbẹ, tí ẹ bá da omi sí i, á jí lójú wa níbí. Ẹ bá wa bu omi wá.”

“Rárá o! Kì í mu omi láàárọ̀!”

Ìyàwó rẹ̀ ti wọlé lọ bu omi. Garawa kan ló gbé wá, ó kún dẹ́múdẹ́mú. Ó dà á.

Ọ̀dà ń ṣàn! Ó gba ojú ọ̀nà, ó gun bàtà funfun obìnrin yunifásítì. Kànìnkàn àlòkù sùn sílẹ̀ níhòòhò. Ẹ̀rín bú jáde láti ẹnu géètì. Tíṣà ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. Ó wu ú kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Káfíńtà àdúgbò ló nu omijé ẹ̀rín ojú rẹ̀, tó bọ́ síwájú. “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dà yìí wù mí fún ilẹ̀kùn mi. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ kùn ún?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó yẹ kó dákẹ́. Ó gbìyànjú. Àmọ́ wọ́n ti bi tíṣà ní ìbéèrè.

“Ẹ̀ẹ̀mejì,” ó ní. “Kí ẹ sì jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ dáadáa. Ibẹ̀ lèmi ti ṣì í.”