Ibi Tí Táìsì Dé Dúró ní Bàlùwẹ̀ Ìyá Tíṣà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹni tí ń wẹ̀ ló mọ ibi tí omi ń ta dé? Ẹ má wulẹ̀ mi orí sí mi, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ ń rò pé àgbà tí mo ń wí ti di ará ọ̀run láti ayé ọba àná. Rárá o. Àgbà tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ń bẹ ní Ìlaró, ó jẹun àárọ̀ lónìí, ọjọ́ tó sì pa á, omi ọṣẹ ń kán sílẹ̀ ní irùngbọ̀n rẹ̀.

Tíṣà Ọdúnlámì ni. Ìṣirò ló fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ, bó sì ti fẹ̀yìntì náà, kò fẹ̀yìn ti téèpù. Ó ń wọn iṣu kó tó gé e. Èèyàn rere ni o, ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́yà jù. Ìyá rẹ̀ ló dá wà ní abúlé Ìdí-Ọsàn, ẹsẹ̀ sì ti ń dun ìyá náà, ọkàn ọmọ kò balẹ̀. Odidi ọdún mẹ́ta ló fi bẹ ìyá kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Nígbà tí ìyá máa gbà, ohun kan ṣoṣo ló bèèrè.

"Àlàó," oríkì Tíṣà nìyẹn, "bàlùwẹ̀ ni kí o ṣe fún mi, tèmi nìkan, kí n lè wẹ̀ bí mo ṣe ń wẹ̀. Ọjọ́ tí n kò bá rí ìwẹ̀ mi wẹ̀, mò ń padà síléè mi nìyẹn."

Tíṣà mọ bàlùwẹ̀ kan mọ́ ẹ̀yìn pálọ̀, ó pe Sẹ̀wanù, ọmọ Ègùn kan tó mọ táìsì lẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ ládùúgbò wa. Sẹ̀wanù lẹ ilẹ̀ tán, ó kọjú sí ògiri, ó ní, "Tíṣà, ibo ni kó dé?"

Ẹ rò pé ìbéèrè kékeré ni, àbí? Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Tíṣà fi ń rò ó. Ó ní bí táìsì bá kan àjà, bàlùwẹ̀ á dà bíi mọ́ṣúárì. Ó ní bó bá dúró sí orúnkún, àwọn ará àdúgbò á ní ó tán mọ́ òun lọ́wọ́. Sẹ̀wanù ní kí àwọn kúkú bi Ìyá léèrè bí wọ́n ṣe ń wẹ̀.

"Ìwọ Sẹ̀wanù!" Tíṣà jágbe mọ́ ọn. "Ṣé wọ́n máa ń bi ìyá àgbà bó ṣe ń wẹ̀ nílùú tiyín ni?"

Ìyá Dàpọ̀, ìyàwó Tíṣà, ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ bi wọ́n, obìnrin ṣáà ni òun. Ọkọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, kò kan obìnrin. Ó mú téèpù, ó wa ọkọ̀ lọ sí Ìdí-Ọsàn, ó ní kí ìyá òun fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ó wọ̀n ọ́n láti gìgísẹ̀ dé àtàrí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ojú ìyá yí padà. "Àlàó, ṣé pósí lo ti fẹ́ kàn ni? Mo ṣì wà láyé o!"

"Ó tì o, Màámi. Táìsì ni."

"Wọ́n ti ń fi táìsì ṣe pósí báyìí?"

Tíṣà padà dé pẹ̀lú ìdáhùn. Ìyá òun kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ. Ẹni tó ga, omi rẹ̀ á ga. Ẹni tó kúrú, omi rẹ̀ á kúrú. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri níbi tí èjìká ìyá máa dé, ó ní kí táìsì dúró síbẹ̀. Kíṣìnì ìyàwó rẹ̀ tí Sẹ̀wanù tún máa lẹ táìsì sí, ìkòkò ọbẹ̀ ló wọ̀n níbẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ ti tó. Sẹ̀wanù wo ìlà, ó wo Tíṣà, ó ṣe bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Wọ́n ti àwọn páálí táìsì tó ṣẹ́ kù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ọ̀dà funfun kun òkè ògiri. Ìyá kó dé, gbogbo àdúgbò lọ kí i, inú Tíṣà dùn débi pé ó gbàgbé téèpù sórí àga.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí ọ̀dà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí àkàrà. Tíṣà ní ọ̀dà ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, ó tún un kùn. Ó tún wú. Omi wá gba inú ògiri já sí pálọ̀, tààrà sí ẹ̀yìn fọ́tò ńlá tí Tíṣà yà lọ́jọ́ tó fẹ̀yìntì. Imú Tíṣà inú fọ́tò ló kọ́kọ́ wú, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ìyá Dàpọ̀ ní kí wọ́n gbé e kúrò, ọkọ rẹ̀ ní rárá, òun ń wọn bó ṣe ń wú. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, ó jókòó sábẹ́ fọ́tò náà, ó ń jẹ ẹ̀bà, ni ìṣó bá yọ. Fọ́tò já bọ́ sínú ọbẹ̀ ilá. Tíṣà wolẹ̀, ó rí ojú ara rẹ̀ tó ń wò ó láàárín ẹja.

Ó figbe ta. "Omi! Omi bàlùwẹ̀ yẹn ló ń ba ilé mi jẹ́!"

Ìyá gbọ́. Láti ọjọ́ náà, aṣọ tútù ló fi ń nu ara. Lọ́jọ́ kẹta, Tíṣà wọlé bá a létí bẹ́ẹ̀dì, ẹrù ti di, gèlè ti wà lórí.

"Mò ń padà sí Ìdí-Ọsàn, ọmọ mi. Páànù la fi yí bàlùwẹ̀ mi ká níbẹ̀, kò sí fọ́tò lẹ́yìn rẹ̀."

Ìyá tí Tíṣà fi ọdún mẹ́ta bẹ̀, ògiri kan ṣoṣo ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ yìí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ewú lórí. Èmi aládùúgbò wọn wà níbẹ̀, ẹkún sì gbọ̀n mí, bẹ́ẹ̀ èmi kì í sunkún bọ̀rọ̀.

Ìyá Dàpọ̀ ti ránṣẹ́ pe Sẹ̀wanù. Bí ó ti dé, òun náà dọ̀bálẹ̀ ti Tíṣà, ó ní, "Ìyá, ẹ dákun, kí ẹ tó lọ. Ẹ má bọ́ṣọ o, ẹ kàn ṣe bí ẹ ṣe máa ń wẹ̀, kí ojú wa rí i."

Ìyá kọjú sí i. "Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí."

Ó tú gèlè. Gbogbo wa rọ́ wọ bàlùwẹ̀. Tíṣà dúró ti ògiri, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, kó lè sàmì sí ibi tí omi bá dé. Ìyá bu omi sí èjìká, ó bu sí àyà. Omi kò tilẹ̀ dé ìlà. Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Sẹ̀wanù.

"Ẹ ní sùúrù," ni ìyá wí. "Eruku ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàn dànù yẹn. N kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìwẹ̀."

Ọmọ márùn-ún ni ìyá yìí bí. Ó po ọṣẹ mọ́ omi, ó bu ú kún ike, ó pe àbíkẹ́yìn rẹ̀ lóríkì, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, o ó ga!" ó sì ju omi náà sókè, ó jẹ́ kó rọ̀ lé òun lórí. Omi kọjá ìlà. Tíṣà sàmì. Ike kejì ti ọmọ mìíràn, omi ga sí i, Tíṣà gun àpótí. Ike kẹta, ó dojú korobá dé sórí àpótí, ó gùn ún. Ike kẹrin gbá a lójú, ṣọ́ọ̀kì sì yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá wá bu ike karùn-ún, èyí tó kún jù, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ẹni tí ẹsẹ̀ kò dùn rí.

"Àlàó, àkọ́bí mi! O ó ga! O ó ga ju àwa tó bí ọ lọ!"

Omi náà kan àjà. Ó wó lé Tíṣà lórí, korobá yọ̀, Tíṣà sì fìdí jókòó gbàgà sínú omi ọṣẹ. Kò dìde. Ó ń wo àjà.

"Màámi, ojoojúmọ́ lẹ ń ju tèmi sókè báyìí?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ. Bí omi bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni àdúrà ṣe ga tó. Nígbà tí o wá ní ó ń ba ilé rẹ jẹ́, mo ní bóyá o ti ga tó."

Tíṣà fọwọ́ nu ojú. Ẹ má bi mí bóyá omi ìwẹ̀ ni. Ó ní, "Sẹ̀wanù, lọ fa àwọn páálí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kó kan àjà."

"Mọ́ṣúárì tí ẹ wí ńkọ́, Tíṣà?"

"Kó dà bẹ́ẹ̀!"

Ìyá lọ ń tú ẹrù rẹ̀. Ibi tí Tíṣà sì ti ń dìde, ìyàwó rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ gígùn lọ́wọ́. "Bàbá Dàpọ̀, kíṣìnì tèmi ńkọ́, tí ẹ fi ìkòkò wọ̀n? Mo ti gbé epo kaná, ata ló kù kí n dà sí i. Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì yín bọ̀ wá dúró ti ògiri."

Tíṣà gbọ́ bí epo ṣe ń ta pàrà-pàrà. Ó fa téèpù yọ lápò, ó sọ ọ́ nù, omi ọṣẹ ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sá jáde, ó ń pariwo pé, "Ibi tó bá wù ọ́ ni kó dé, Ìyá Dàpọ̀! Èmi kì í dáná! Ẹni tí ń wẹ̀ ló mọ ibi tí omi ń ta dé!"

Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí. Bí ẹ bá ń kọ́lé fún ìyá yín, tí ẹ sì mú téèpù dání, ẹ kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀ ná, pàápàá bí ìyá bá kúrú. Ẹni tí ń wẹ̀ ló mọ ibi tí omi ń ta dé.