Gọ́tà Alága Gbàdàmọ́sí

Ẹni tó bá pe Gbàdàmọ́sí ní Gbàdàmọ́sí lásán, àfi kó yáa wá ẹ́sìtéètì mìíràn gbé. Olóyè Alhaji Injiníà Gbàdàmọ́sí ni, Alága gbogbo onílé! Àwọn onílé náà sì fi oríkì tiwọn kún un lẹ́yìn rẹ̀: Àga-ló-mọ̀.

Lọ́dún yìí, òjò ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Bó bá ti rọ̀ ní Ajah, inú pálọ̀ wọn lomi ń sùn. Kánsù ṣèlérí gọ́tà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn onílé ló máa fọwọ́ sí ẹni tó máa gbẹ́ ẹ.

Gbàdàmọ́sí ti mú tiẹ̀: Habeeb, ọkọ Azeezat ọmọ rẹ̀. Lọ́fíndà ni Habeeb ń tà. Kò gbẹ́ gọ́tà rí láyé. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà ní ẹ́sìtéètì kí kọntirákítì wọ́ lọ sílé ẹlòmíì.

"Tá a bá dé ìpàdé, o ò mọ̀ mí rí o," ni Gbàdàmọ́sí kìlọ̀ fún un. "Má pè mí ní Dádì."

"Mo ti gbọ́, Dádì."

"Habeeb!"

"Ẹ má bínú, sà."

Ọjọ́ ìpàdé pé. Hameedat, aṣojú kánsù, bi í níwájú gbogbo ènìyàn pé:

"Alága, ṣé ẹ mọ kọntirákítọ̀ yìí?"

"Mi ò rí i sójú rí! Ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́."

Habeeb wọ kóòtù tuntun, ó bọ́ síwájú. Ó dúró ṣánṣán, ó na ọwọ́ kan, ó fi èkejì tẹ fóònù.

"Mista Gbàdàmọ́sí, báwo ni?"

Alága gbọ́ ìwọ̀sí náà. Ó gbé e mì. Ó rí i tí Rẹ̀míláyọ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́, fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ó tún gbé ìyẹn náà mì. Ni Habeeb bá gbá a léjìká pẹ́pẹ́:

"Inú mi dùn láti mọ̀ ẹ́."

*Mọ̀ ẹ́!* Kì í ṣe *mọ̀ yín!* Èyí ò ṣeé gbé mì.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Èmi tí mo fún ẹ ní Azeezat! Dọ̀bálẹ̀, jàre!"

Habeeb nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ forí jì mí, Dádì. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má mọ̀ yín."

Ẹ̀rín bú gbàù. Hameedat dé bírò rẹ̀. "Kánsù ò lè fọwọ́ sí èyí."

"Ọ̀rọ̀ ẹbí lásán nìyẹn," ni Gbàdàmọ́sí ń wí, òógùn bò ó. "Ẹ jẹ́ ká padà sórí gọ́tà."

Rẹ̀míláyọ̀ dìde. "Ẹni tó bá fẹ́ kọntirákítọ̀ míì àti alága míì, kó nawọ́."

Ọwọ́ tó kọ́kọ́ lọ sókè, ìlà iwájú ló ti wá. Ọwọ́ Suliat ni, ìyàwó Alága.

"Suliat! Ìwọ náà?"

"Bàbá Azeezat, omi ń wọ kíṣìnì mi."

Ọwọ́ yòókù sì lọ sókè bíi pápá àgbàdo. Nílẹ̀ lọ́hùn-ún, Habeeb gbórí sókè díẹ̀.

"Dádì, ṣé kí n dìde?"