Ọkọ̀ Tí Bàbá Oyènikẹ́ Fi Yáná

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó bá fi ọkọ̀ yáná, títì ọkọ̀ ni yóò mú un làágùn? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ fa aṣọ bo ẹsẹ̀, torí ọ̀rọ̀ òtútù ni.

Ìlú kan wà lórí òkè l'Ékìtì, tí ọyẹ́ ibẹ̀ kì í wojú àgbà. Jọlàádé káfíńtà ń gbé níbẹ̀. Ó ra ọkọ̀ àlòkù kan tí kì í mu epo, iná mànàmáná ló ń lò. Oyènikẹ́ ló sì fẹ́ fi ṣe aya, ṣùgbọ́n bàbá ọmọ kò gba ti ọkọ̀ náà.

"Ọkọ̀ tí kì í mu epo!" ni Bàbá Oyènikẹ́ wí. "Bí ewúrẹ́ kò bá jẹun, ṣé ara rẹ̀ le?"

Nígbà tí ọmọ bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní, "Kó máa gbé mi lọ sí sítọ́ọ̀ kòkó mi láràárọ̀ títí ọyẹ́ yóò fi lọ. Bí kò bá dójú tì mí, kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Bó bá dójú tì mí, kó wá ìyàwó lọ síbòmíràn."

Ọ̀nà náà kò jìn. Ẹni tó bá fi iṣu sísun sẹ́nu nílé kò ní tíì jẹ ẹ́ tán tí yóò fi débẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú irú ìrìn kúkúrú bẹ́ẹ̀ nígbà òtútù, ooru tí wọ́n ń tàn sínú ọkọ̀ lè jẹ iná bátìrì ju ìrìn fúnra rẹ̀ lọ. Jọlàádé mọ èyí. Kó tó yọ wáyà iná ilé kúrò lára ọkọ̀ láràárọ̀, á ti jẹ́ kí inú rẹ̀ móoru. Iná ilé ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, bátìrì kò mọ̀ sí i. Bàbá á wọlé, á na ẹsẹ̀, á ní, "Ó ń gbìyànjú."

Àfi ọjọ́ kan tí iná kò wá mọ́jú. Èyí tó kù nínú bátìrì yóò gbé wọn lọ, yóò gbé wọn bọ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá ti tan ooru.

"Jọlàádé, kí ló dé tí inú ọkọ̀ yìí tutù bí inú àmù?"

"Ẹ má bínú, sà. Wọn ò muná wá ni. Ẹ jẹ́ kí n mú àga yín nìkan gbóná, ìyẹn kì í jẹ iná púpọ̀."

"Ìdí mi nìkan ni ọyẹ́ ń bá jà?"

Ta ló ń bá àna jiyàn, pàápàá àna tí kò tíì gbà pé àna lòun? Jọlàádé tan ooru. Bàbá nawọ́, ó yí i dópin.

Inú ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń móoru ni wọ́n rí Ìyá Alágbẹ̀dẹ. Bàbá sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀. A kì í kí àgbà láti inú ihò.

"Ẹ kú ọyẹ́ o!"

"Ẹ kú ọyẹ́, Bàbá Oyènikẹ́! Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún yín ńkọ́?"

Orúnkún gba àlàyé. Ooru jáde, ọyẹ́ wọlé. Bàbá gbé gíláàsì sókè. "Òtútù ti tún dé. Fi kún un."

Níwájú ilé Adéògún, tí òun àti Bàbá jọ ń du oyè, Bàbá ní, "Dúró. Kò tíì rí mi."

Adéògún ń run orín, ó kẹ̀yìn sí wọn. Wọ́n dúró dè é. Nígbà tó yíjú padà, gíláàsì wálẹ̀, ooru sì fẹ́ lù ú lójú. Adéògún sún mọ́ ọn, ó na ọwọ́ méjèèjì sójú fèrèsé, ó ń yáná. Ó pe ìyàwó. Ìyàwó pe àwọn ará ilé.

"Ẹ sún mọ́ ọn!" ni Bàbá ń pariwo. "Ọkọ̀ ọkọ ọmọ mi ni!"

Jọlàádé gbọ́ "ọkọ ọmọ mi". Ó ti nawọ́ láti pa ooru. Ó dá ọwọ́ padà.

Ní ìsàlẹ̀ òkè sítọ́ọ̀, ọkọ̀ dákẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di sítíárì mú, kí n tì í."

"Èmi? N ò wa ọkọ̀ rí, n ò ní bẹ̀rẹ̀ lórí òkè."

Ẹnìkan gbọ́dọ̀ di sítíárì mú, ẹnìkan gbọ́dọ̀ tì. Bí àna ṣe bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, tó ń ti ọkọ̀, tí ọkọ ọmọ jókòó sínú rẹ̀ tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Bàbá bọ́ fìlà. Ó bọ́ kóòtù. Àwọn tó ń lọ oko ń kí i, "Ẹ kú ọyẹ́ o!"

"Ọyẹ́ wo? Ooru ló ń pa mí!"

Adéògún àti àwọn ará ilé rẹ̀ sáré dé. "Àwa náà yáná níbẹ̀," ló wí, ó sì fèjìká tì í. Gbogbo wọn ló làágùn kanlẹ̀ kí wọ́n tó dókè.

Jọlàádé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ foríjì mí, sà. Ooru yẹn ló jẹ iná tán."

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀, o sì dákẹ́?"

"Ẹ pè mí ní ọkọ ọmọ yín, sà. Ọwọ́ mi ò lè pa á mọ́."

Bàbá kò tíì fèsì tí Adéògún fi kígbe pé, "Bàbá Oyènikẹ́, ọkọ̀ yìí dójú tì yín lónìí o! Kí ló ṣe é?"

Bàbá nu òógùn. Ó wo Jọlàádé nílẹ̀, ó wo Adéògún. "Ojú ta ló tì? Ọkọ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ṣé o ò mọ òwe àwọn àgbà ni? Ẹni tó bá fi ọkọ̀ yáná, títì ọkọ̀ ni yóò mú un làágùn."

"Àwọn àgbà wo ló pa á?"

"Èmi àti ìwọ. Ta ló tún dàgbà jù wá lọ níbí?" Ó kọjú sí Jọlàádé. "Dìde. Kó àwọn èèyàn rẹ wá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wọ súwẹ́tà."

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ òwe yìí, ẹ má ṣe rò pé ayé àtijọ́ ló ti wá. Ẹ̀yìn ṣì ń dun àwọn àgbà tó pa á: ẹni tó bá fi ọkọ̀ yáná, títì ọkọ̀ ni yóò mú un làágùn.