Ife Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Gbémiga Lẹ́nu Ọ̀nà Kàbbà

Gbémiga wo dígí ẹ̀yìn ọkọ̀, kò rí ẹnì kankan.

Ó fi ọwọ́ nù ún, bóyá eruku ló bò ó. Ó tún un wò. Òun ló wà níwájú lóòótọ́. Gbémiga! Níwájú!

Ẹ ò mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹgbẹ́ eré ọkọ̀ tí Gbémiga ń wakọ̀ fún, ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n. Gbémiga ló ń wà á, Destiny mẹkáníìkì ló ń tún un ṣe, Rhoda tó ń ta táyà àlòkù ní gáréèjì Kàbbà sì ni ọ̀gá wọn, nítorí pé òun ló ni táyà. Sùúrù ni wọ́n sọ ọkọ̀ náà. Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn awakọ̀, ojú fèrèsé ló ń gbà wọlé. Bí o bá tan iná rẹ̀, wáípà ló máa ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, kí Sùúrù tó dé ibi ìparí eré, wọ́n ti kó àga padà sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti yá a.

Àmọ́ ọdún yìí yàtọ̀. Àwọn ará Mọ̀pà gbé ọkọ̀ tuntun wá, ọkọ̀ tó ń dán, tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Wọ́n gbàgbé irú títì tí wọ́n ń bá lọ. Títì yẹn, ìjọba ti ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn ò tíì ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Gbàgà! Ọkọ̀ tuntun kó sí kòtò. Gbòlà! Òmíràn tẹ̀ lé e. Sùúrù ní tirẹ̀, inú kòtò ló dàgbà sí. Ó ń yà fún kòtò bí ẹni ń kí aládùúgbò. Eré àṣekágbá nìyí, ẹni tó bá kọ́kọ́ ti Ìyárá dé Kàbbà ló ni ife ọdún.

Kì í sì í ṣe ife nìkan ni Gbémiga ń lé.

Ó ń lé Emmanuella, ọmọ Bàbá Ọlábímtán. Bàbá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́. Ó kọ́ni ní Mọ̀pà, ó kọ́ni ní Ìyárá, ó kọ́ni ní Kàbbà, kò sì síbi tó kọ́ni tí pàṣán rẹ̀ kò dé. Nígbà tí Gbémiga wá tọrọ ọmọ, bàbá fi ọwọ́ lé Bíbélì níwájú gbogbo agboolé, ó ní, "Ọmọ mi kò ní fẹ́ ẹni tó ń gbẹ̀yìn. Ilé tí ife yẹn bá wọ̀ ni Emmanuella máa wọ̀." Bàbá kì í sì í yí ọ̀rọ̀ padà.

Ohun kan tún wà tí Gbémiga mọ̀. Akọ̀wé ìjọba kan ti kọ́kọ́ ń fẹ́ ọmọ yìí. Lọ́jọ́ kan, ó gun ọ̀kadà kọjá lára bàbá, ó na ọwọ́ sókè, kò dúró kí i. Bàbá dá gbogbo iṣu tó kó wá padà fún un, títí kan èyí tí wọ́n ti gún.

Gbémiga yọ sí ẹnu ọ̀nà Kàbbà. Ó ti ń gbọ́ ariwo èrò níwájú.

Ta ló dúró lẹ́bàá títì? Bàbá Ọlábímtán ni, nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú agboòrùn lọ́wọ́. Ó ti jáde wá yẹ́ àna ọ̀la sí. Ó na ọwọ́ sókè pé kó máa sáré lọ.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan ni Gbémiga rí. Iṣu gígún ló sì wá sí i lọ́kàn.

Kííííí!

Sùúrù rọra dúró, bó ṣe máa ń ṣe. Gbémiga gba ojú fèrèsé jáde, ó sì na gbalaja sórí ilẹ̀ gbígbóná, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni nílẹ̀ Kàbbà.

"Okun o, bàbá."

Bàbá la ẹnu, ó fẹ́ sọ pé, "Dìde, máa lọ." Àmọ́ ìkíni ni ìkíni. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi kọ́ ọmọ aráyé pé a kì í dáhùn ìkíni lábọ̀. Ó wo títì, ó wo Gbémiga, ó mí kanlẹ̀.

"Okun o, ọmọ mi. Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà, bàbá."

"Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ó ti ń fi rìn díẹ̀díẹ̀."

"Oko ńkọ́?"

Wọ́n ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ oko nígbà tí ọkọ̀ Ọlọ́runtóbi ará Mọ̀pà yọ, vùùùù! Gbémiga di ojú. Ó ti tán. Ó dàbọ̀, Emmanuella.

Kííííí!

Ọlọ́runtóbi rí ẹni tó dúró lẹ́bàá títì. Bàbá yìí ló nà án nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó kọjá lára àgbà láìkí i. Ọlọ́runtóbi ti di baba ọlọ́mọ, ó ti ní irùngbọ̀n, àmọ́ ìdí kì í gbàgbé. Ó bọ́ sílẹ̀ tòun ti akoto lórí, ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbémiga.

Ọkọ̀ kẹta dé. Kííí! Ìkẹrin dé. Kííí! Kò sí ẹni tí bàbá ò nà rí nínú wọn. Gbogbo wọn tẹ́ sórí títì bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá. Bàbá ní kí ìlà wọn gún. Ìlà gún. Ó wá ń bi wọ́n léèrè ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó lè dìde kó tó parí. Èmi tí mo wà lẹ́bàá títì, ẹ̀rín pa mí débi pé mo di igi mú!

Lẹ́yìn wọn, fèrè dún. Pààà! Pààà!

Theresa ni, ọmọbìnrin tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé omi inú ọ̀rá. Olúṣèyí, alága eré náà, ti ń pè é láti àárọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ àwọn ènìyàn ńlá. Theresa yọ orí síta.

"Bàbá, okun o! Ó yẹ kí n dúró kí yín, búrékì ni kò sí!"

Fìààààù!

Ó já okùn ìparí eré, ó gba abẹ́ kánópì kọjá, àwọn ènìyàn ńlá fọ́n ká bí ọmọ adìyẹ, ó sì lọ sọ orí ọkọ̀ sínú òkìtì yanrìn. Olúṣèyí ò tiẹ̀ dúró de àwọn tó kù. Ènìyàn ńlá tó fẹ́ fi ife lé ni lọ́wọ́ ní ìsìnkú tó ń lọ, òfin eré sì sọ pé ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ já okùn ló borí. Kò sọ pé kó má ru omi. Wọ́n gbé ife fún Theresa.

Sùúrù ló ṣe ipò kejì. Bàbá ló jókòó níwájú, nítorí pé Gbémiga ò lè fi àna sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Bàbá ò sì fẹ́ kí ọkọ̀ tó gbé òun máa sáré. Àwọn yòókù tò tẹ̀ lé wọn kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́, ta ló jẹ́ ya bàbá sílẹ̀? Rhoda rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, ó rò pé òkú ni wọ́n gbé bọ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó jókòó lórí táyà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá sọ̀kalẹ̀. Ó wo ife lọ́wọ́ Theresa. Ó wo Gbémiga, àánú rẹ̀ sì ṣe é gan-an. Àmọ́ ó ti fi ọwọ́ lé Bíbélì. Ó wúkọ́.

"Theresa, ọmọ mi. Ṣé o ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọkùnrin kan nílé, tí kò tíì gbéyàwó?"

Theresa ṣì ń ronú. Emmanuella, tó ti wà láàárín èrò, fi ìgbúnwọ́ gún Gbémiga níhà.

Gbì!

Gbémiga ti wà nílẹ̀ gbalaja níwájú Theresa, ọmọ tó bá àbúrò Gbémiga ṣe kíláàsì kan náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, okun o. Ilé wa ńkọ́?"